Ọdún Tí Ilé Káńsù Di Dúdú

Ìró tó máa ń jí mi nínú ọdún tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti àkùkọ. Omi ni. Omi tí Bàbá Làmídì ń dà láti inú bútà sí ọwọ́, sí ẹnu, sí ẹsẹ̀, lẹ́yìn ògiri yàrá tí mo sùn sí, kí ilẹ̀ tó mọ́. Yóò máa rọra wúkọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé, bẹ́ẹ̀ ikọ́ náà gan-an ló ń jí wa. Kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilé wa kò mọ irú ìró bẹ́ẹ̀. Ilé onígbàgbọ́ ni, ilé òṣìṣẹ́ káńsù. Ohun tí à ń gbọ́ láàárọ̀ ni orin ìsìn tí màmá mi ń kùn sábẹ́ imú, àti bàtà bàbá mi lórí sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn. Ọdún náà ni mo mọ̀ pé ilé kan lè ní ohùn méjì, kí méjèèjì sì bá ara wọn mu.

Bàbá mi ni wolé-wolé ní Igbó-Ọrà. Ẹni tó bá gbọ́njú nígbà náà mọ ohun tí wolé-wolé jẹ́: ọkùnrin tó wọ kàkí tí sítáàṣì ti mú kó le gan-gan, tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ní ọ̀sán gangan, tí yóò tan iná sínú ìkòkò omi onílé. Bó bá rí tanwíjí tó ń jó nínú omi, kóòtù yá. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, ọ̀kan á ké sí èkejì, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ẹni pé òjò rọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í fẹ́ kí n tẹ̀lé wọn délé nítorí rẹ̀. Wọ́n ní màá lọ wo inú ìkòkò wọn. Káńsù ló fún bàbá mi ní ilé tí à ń gbé: yàrá méjì àti pálọ̀, òrùlé páànù, ilé ìdáná lọ́tọ̀ lẹ́yìn, ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn láti òkè délẹ̀, àti nọ́ńbà dúdú kan níwájú. Aránṣọ ni màmá mi, ó sì máa ń sọ pé aṣọ àyálò ni ilé náà, pé ẹni tó bá wọ aṣọ àyálò kì í nà gbọọrọ sílẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ èérí kan ògiri, etí mi á gbọ́ ọ. A kì í kan ìṣó mọ́ ọn. Kódà kàlẹ́ńdà ìjọ wa, orí àga ló ń jókòó sí bí àlejò.

Bí bàbá mi àti Bàbá Làmídì ṣe di ọ̀rẹ́, ìjà ló kọ́kọ́ jẹ́. Àgbẹ̀ ni Bàbá Làmídì, ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ilé amọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló sì ń gbé ní apá kejì ìlú. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi ń wo ilé kiri, ó rí i pé ògiri ilé náà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó jáde kíá. Inú bí Bàbá Làmídì. Ó ní ilé tí wọ́n ti bí òun, ọmọ àná kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ní kí òun kó jáde níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló bá a sọ ọ́. Ó ní, "Ògiri kì í bẹ ènìyàn kó tó wó." Wọ́n kó ẹní wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò rẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí òjò fi rọ̀, tí ògiri náà sì wó, orí ibi tí àwọn ọmọ máa ń tẹ́ ẹní sí ló wó lé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Bàbá Làmídì gbé iṣu wá sí ilé wa. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wolé-wolé, ìwọ lo lé mi jáde. Ọlọ́run ló rán ẹ." Láti ọjọ́ yẹn, bí bàbá mi bá ti iṣẹ́ dé tí a kò rí i, ẹ má wá a jìnnà, ó ti wà lọ́dọ̀ Bàbá Làmídì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n ní kí bàbá mi wá kọ́ ẹ̀kọ́ sí i nílùú Ìbàdàn fún oṣù bíi mélòó kan. Màmá mi yóò bá a lọ pẹ̀lú àbúrò mi tó ṣì ń mu ọyàn, èmi yóò dúró nítorí ilé ìwé. Òfin káńsù ni pé bí òṣìṣẹ́ bá ń lọ sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kí ó ti ilé pa, kí ó kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ́fíìsì, àti pé ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Bàbá mi gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún Bàbá Làmídì. Ó ní ẹni tó lé ènìyàn jáde nínú ilé ló yẹ kó wá ibi tí ẹni náà yóò forí pamọ́ sí, títí ilé tuntun tí wọ́n ń mọ yóò fi gba òrùlé. Mo rántí pé màmá mi ń ká aṣọ sínú àpótí, tí kò gbójú sókè.

"Ilé káńsù ni o, Bàbá Dúpẹ́."

"Bí mo bá tì í pa, aláǹgbá ni yóò máa gbé e. Ṣé orúkọ aláǹgbá wà nínú ìwé káńsù?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di ìyá ọmọ, tí ọkọ mi jẹ́ tíṣà, tí à ń gbé nínú ilé tí kì í ṣe tiwa, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ilé àgbàwọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe inú rere débi tó fẹ́. Ọkàn rẹ á ní kó o ṣí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ á rántí ẹni tó ni ilẹ̀kùn. Mo ti wà nínú irú rẹ̀ rí, mo sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí mò ń wo ojú ọkọ mi.

Bí wọ́n ṣe kó wọlé báyìí, ilé wa yí padà. Bàbá Làmídì wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Ìyá Làmídì, Ìyá Àgbà, Làmídì tó ti tó géńdé, àti Táyé pẹ̀lú Kẹ́hìndé, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ó yẹ kí a máa pe ìyá wọn ní Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, bó o bá pe Ìyá Ìbejì, obìnrin mẹ́ta ni yóò dáhùn, ìkẹrin á sì bi ọ́ pé ṣé òun ni. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa á yí àtẹ ẹ̀gúsí ká, a ó máa bó o, pẹ́, pẹ́, pẹ́, títí ìró náà yóò fi dà bí òjò kékeré lórí páànù. Ìyá Àgbà á na ẹsẹ̀, á máa ṣọ́ ẹnu wa. Ó ní ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí tó ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ á fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Láfún àti ọbẹ̀ ilasa ni à ń jẹ jù, nínú abọ́ kan ṣoṣo, èmi tó ti máa ń dá jẹun lórí tábìlì pẹ̀lú ṣíbí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, abọ́ ti mọ́. Táyé wò mí, ó ní mò ń jẹun bí ìyàwó tuntun. Kí oṣù yẹn tó parí, òun ló ń wá ẹran tì.

Àdúrà ni mo rò pé yóò dá ìjà sílẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá kírun alẹ́ tán, Bàbá Làmídì á yíjú sí mi lórí ẹní, á ní, "Dúpẹ́, o ti gba tìẹ?" Bí mo bá ní mi ò tíì gbà á, á dúró tì mí títí màá fi ṣe àmín, nítorí ó ní bàbá mi yóò bi òun. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí a ó fi jáde, wọ́n á ní kí n kọ orin tí a kọ fún wọn. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú mi ń dùn sí àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Wọn kò pe àpérò kankan lórí rẹ̀. Wọ́n kàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, tí ìròyìn sì dé pé bàbá mi yóò padà lẹ́yìn ọdún náà, Ìyá Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri ilé. Yóò dúró sí àárín àgbàlá, yóò gbé ọwọ́ lé ìbàdí, yóò mi orí. Lójú tirẹ̀, ògiri funfun kì í ṣe ògiri tó parí. Nílé wọn, bí wọ́n bá fi ẹfun kun ògiri, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ilé ni yóò wá po ìgbẹ́ màlúù pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún, wọ́n á fi omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè sí i, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri àti ilẹ̀ títí yóò fi dúdú, tí yóò máa dán. Bí ọdún bá dé láìjẹ́ pé wọ́n ra ilé, ìtìjú ìyàwó ilé ni. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ohun tí òun lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Bó ṣe rán wa lọ sí gáà àwọn Fúlàní nìyẹn, èmi àti àwọn ìbejì, a ru ìgbẹ́ màlúù wálé nínú agbọ̀n, à ń kọrin. Àwọn ìyàwó ilé wọn dé láti apá kejì ìlú pẹ̀lú òkúta ọ̀bọ̀rọ́ tí wọ́n fi ń dán ògiri. Wọ́n ra inú, wọ́n ra ìta, wọ́n ra ilé ìdáná. Òórùn rẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà oòrùn fà á gbẹ, ó sì di òórùn ewé lásán. Nígbà tí wọ́n parí, mo lè rí eyín mi nínú ògiri pálọ̀. Nọ́ńbà káńsù ti wọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rántí pé ó wà níbẹ̀ rí.

Bàbá mi fi ẹsẹ̀ rin láti ibi tí bọ́lẹ́kájà já wọn sí, àpótí lórí, màmá mi lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi. Gbogbo wa ti tò síwájú ilé, a wọ aṣọ ọdún. Ó wò wá, ó wo ilé, ó sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọjá ilé rẹ̀ lọ títí dé ilé kejì, kó tó dúró, kó tó yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti inú igbó. Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Màmá mi ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Làmídì, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnára, ọwọ́ yín kò ní rọ. Bàbá mi fi ọwọ́ kan ògiri, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó dán," ló sọ. Ó gbé àpótí wọlé.

Àárín yàrá ni mo ti gbọ́ ìyókù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, torí wọ́n rò pé mo ń tú ẹrù. Ọ̀gá àgbà àwọn wolé-wolé ń bọ̀ láti wo gbogbo ilé káńsù. Bó bá bá ilé náà báyìí, tó sì tún bá àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé, ilé lọ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà tẹ̀lé e. Bàbá mi ní kí àwọn ra ọ̀dà kí àwọn kùn ún padà kíá. Màmá mi bi í pé ta ni yóò sọ fún Ìyá Làmídì. Ó ní, "Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ìgbẹ́ màlúù nítorí yín, ẹ fẹ́ kó jókòó kó máa wò yín bí ẹ ṣe ń ha á dànù?" Bàbá mi gbé owó ọ̀dà padà sínú àpò. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, màmá mi á jáde láàárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́, á bá Ìyá Làmídì níbi tó ti ń fi ilé han àwọn àlejò tó wá kí wọn kú ọdún, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ọpẹ́ náà wá pọ̀ débi pé Ìyá Àgbà bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ọ̀gá náà kò dúró de ọjọ́ tó dá. Ọkọ̀ rẹ̀ kọjá níwájú ilé wa, ó padà, ó tún kọjá, nítorí ilé funfun ló ń wá. Ìgbà tó dúró, èmi ló bi pé níbo ni ilé wolé-wolé. Mo fi hàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó bá Ìyá Àgbà tó na ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ ẹ̀gúsí, ó bá Bàbá Làmídì tó ń pọ́n àdá, ó bá aṣọ ìbejì lórí okùn. Bàbá mi sáré jáde, kò tíì de bọ́tìnì ọrùn. Ọ̀gá bi í pé àwọn wo nìyí. Gbogbo wa mọ ohun tó lè sọ. Ó lè ní ẹ̀gbọ́n òun ni, kò sí ẹni tí yóò já a nírọ́. Bàbá Làmídì gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹ̀gbọ́n.

"Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó jáde nínú ilé wọn kó má baà wó pa wọ́n. Ó sì wó lóòótọ́."

Ọ̀gá fi ìka kan ògiri. Ó béèrè ẹni tó fi ìgbẹ́ màlúù kun ilé ìjọba. Ìyá Làmídì jáde láti ilé ìdáná, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ni. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń wo ojú màmá mi, tó ń wá ìdáhùn níbẹ̀, tó sì rí i.

Bàbá mi ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ẹ̀bùn ni, sà. Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni. Ó sì dára lójú mi. Bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn."

Ọ̀gá nu ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun ń lọ sí ìlú Tápà nítòsí wa, òun yóò sì padà gba ibí ní ọjọ́ Sátidé. Bí òun bá bá ilé náà ní funfun, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé nìkan, kò sí ohun tí òun rí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí bàbá mi mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ọkọ̀ náà lọ. Ìyá Làmídì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, láti ọjọ́ tí ẹ ti dé lẹ ti mọ̀?" Màmá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, omi sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Làmídì ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun. Ó ní òun rò pé wọ́n kọ́ ilé náà débi ẹfun ni owó tán lọ́wọ́ ìjọba, àánú wọn ló ṣe òun tí òun fi bá wọn parí rẹ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí àtẹ ẹ̀gúsí fi dà nù. Bàbá mi fẹ̀yìn ti ògiri dúdú náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, Bàbá Làmídì ní káńsù jẹ òun ní gbèsè ọpẹ́. Mi ò rí i kí àwọn àgbà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló tú síta lára wọn, ṣùgbọ́n èmi kò mọ ìyẹn nígbà náà. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Bàbá Làmídì bẹ ará ilé rẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Àwọn tó wà ní abà pàápàá wọ̀lú. Kí Sátidé tó mọ́ dáadáa, apá kan ti wà lórí ilé tuntun tí wọ́n ń kan páànù, a sì ń gbọ́ òòlù wọn láti ọ̀dọ̀ wa. Apá kejì wà nílé wa pẹ̀lú àdá, ọkọ́ àti òkúta, wọ́n ń ha ògiri. Ìyá Làmídì ló ṣáájú wọn. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́, òun fúnra òun ni yóò bà á jẹ́. Ó dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn obìnrin sì gbè é:

Káńsù ní òun ò fẹ́ dídán,
ẹ bá wa ha á.
Ó ní funfun ló wu òun,
ẹ bá wa ha á.
Bí òjò bá rọ̀ tó bá para dà,
ẹ má pè wá o.

Màmá mi ń se láfún fún ogunlọ́gọ̀, ó ń gbe orin náà láti ilé ìdáná. Ọ̀dà funfun gun ògiri. Làmídì kọ nọ́ńbà, ó wọ́ díẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá Làmídì ti ká ẹní rẹ̀, ó ti gbé bútà rẹ̀, gbogbo wọn sì ru ẹrù lọ sí ilé tuntun. Ọ̀gá dé, ó wo ògiri, ó wo nọ́ńbà, ó mu omi tutù, ó lọ. Ilé di tiwa padà. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ìró omi kan lẹ́yìn ògiri mi, mo sì sunkún lórí ẹní mi títí màmá mi fi wọlé wá wò mí.

Kò bá mi wí. Ó tú aṣọ tó dára lára, ó ró ìró àtijọ́ kan, ó ní kí n gbé agbọ̀n. Mo bi í pé níbo là ń lọ. Ó ní gáà. Màmá mi tí kì í jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ògiri, tó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ìgbẹ́ màlúù, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o sínú agbọ̀n, ó sì gbé imú sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí a dé ilé tuntun, Ìyá Làmídì wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi màmá mi pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Màmá mi ní àwọn ti ha iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ilé àwọn, àwọn wá san án padà. Ìyá Làmídì fẹ́ gba agbọ̀n, màmá mi kò fún un. Ó ní kó jókòó. Ó po ó, ó fi omi sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń ṣàn, ó ń wú, ibì kan dúdú, ibì kan dà bí ẹ̀kọ tó jóná. Àwọn ìyàwó ilé wá dúró, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ó wọ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tún un ṣe."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyá Làmídì wí. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ibẹ̀ ni màá máa fẹ̀yìn tì."